Ẹranko tí Kò Sí Nínú Igbó: Ọ̀ṣọ́ Àràmàǹdà àti Àmì Lára Ilé, Láti Ìwé Dietterlin Dé Ọ̀fà

Ìfáárà

Bí àwọn onímọ̀ bá ń ka ìlú tí ọnà ara ilé ti gbilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara àti agbègbè rẹ̀, Ọ̀sì ni wọn yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà nítorí Àreògún, wọn yóò kan Ìlá Ọ̀ràngún nítorí Lámídì Fákẹ́yẹ, wọn yóò sì kádìí ọ̀rọ̀ sí Òṣogbo. Ọ̀fà kì í sábà sí nínú ìtò náà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í rí. Ogun Ìlọrin tó fọ́ ìlú náà ní nǹkan bí 1890 kò jẹ́ kí ilé àtijọ́ púpọ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Èyí tí a tún kọ́ lẹ́yìn náà jẹ́ ilé ìgbà rélùwéè, nítorí pé láàrin 1907 tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, àti 1908 tó dé Ìlọrin, ni ó gba Ọ̀fà kọjá. Ní Ọ̀fà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú mìíràn tí rélùwéè là kọjá, sìmẹ́ńtì ni ọ̀ṣọ́ ara irú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀: òdòdó, ewé tó lọ́ mọ́ra, ìràwọ̀, òpó tí orí rẹ̀ ń yọ ewé, àti lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kìnnìún.

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn alámèyítọ́ sábà ń fi kan irú ọ̀ṣọ́ yìí. Èkíní ni pé àfarawé ni: àwọn Àgùdà ló kó o dé láti Bràsíìlì, ọ̀dọ̀ Potogí ni àwọn Bràsíìlì ti kọ́ ọ, nítorí náà kò sí ohun Yorùbá nínú rẹ̀. Èkejì ni pé kò nítumọ̀: kìnnìún orí géètì kò jọ kìnnìún, òdòdó ara òpó kò sí nínú oko ẹnikẹ́ni, kò sì sí ìtàn kan tí a lè fi ṣàlàyé wọn bí a ti ń ṣàlàyé ọ̀pá Ọ̀sanyìn tàbí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀sùn kejì yìí ti wà ní Yúróòpù láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, àwọn iṣẹ́ tí a ń pè ní orísun àfarawé náà gan-an ni wọ́n sì fi kàn. Bí orísun àti odò bá jọ ń jẹ́jọ́ kan náà, ó yẹ kí a yẹ ẹjọ́ ọ̀hún wò.

Ẹjọ́ Vitruvius

Ọ̀dọ̀ Vitruvius, ará Róòmù tó kọ ìwé mẹ́wàá lórí ilé kíkọ́ nígbà ayé Augustus, ni a ti mọ ẹjọ́ náà jù. Nínú ìwé keje ni ó ti bínú sí àwọn ayàwòrán ìgbà rẹ̀, tí wọ́n ń fi koríko tẹ́ẹ́rẹ́ gbé òrùlé ró lára ògiri, tí wọ́n ń jẹ́ kí ìdajì ènìyàn yọ láti inú òdòdó, tí ẹranko ojú àlá sì ń gba ipò ẹranko ayé. Ẹrù ni ó ká a lára: koríko kò lè ru òrùlé. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ láyè nínú àwòrán, lójú tirẹ̀, irọ́ ni ó gbà láyè.

Ní nǹkan bí 1480 ni àwọn ará Róòmù ṣe alábàápàdé yàrá ààfin Nero tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Àwọn ayàwòrán wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ihò àpáta, wọ́n tan iná sí ògiri, wọ́n sì rí irú ọ̀ṣọ́ tí Vitruvius ti bú. Inú ọ̀rọ̀ Itálì tó túmọ̀ sí ihò ni orúkọ irú ọ̀ṣọ́ náà ti wá. Láàrin 1517 àti 1519 ni Raphael àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin Póòpù lọ́ṣọ̀ọ́. Ìgbà kan náà tí Yúróòpù ń ka Vitruvius bí ìwé òfin ni ó gba ohun tí Vitruvius kọ̀ mọ́ra, kò sì ní ìsinmi láàrin méjèèjì.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sọ ọ̀ṣọ́ yìí di ẹrù tó ṣeé gbé rìn. A fín àwòrán sára awẹ́ bàbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ti ń fín igbá, a fi tàdáwà pa á, a sì tẹ bébà lé e: ohun tó wà lára ògiri ẹyọ kan ní Róòmù di ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú òkèèrè lè rà kó sì ká sínú àpò. Ní Antwerp, Cornelis Floris àti Hans Vredeman de Vries gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó rìn jìnnà jù nínú gbogbo wọn ni Architectura, ìwé Wendel Dietterlin.

Ayàwòrán ara ògiri ni Dietterlin ní Strasbourg. Ó kú ní 1599. Àwọn ògiri tó kùn ti pa rẹ́, ìwé rẹ̀ ni ó kù. Apá kìíní jáde ní 1593, èkejì ní 1594, odindi rẹ̀ sì jáde ní Nuremberg ní 1598 pẹ̀lú àwòrán bí 200. Kò fi irin fín gbogbo rẹ̀ tààrà. Ó da ìda bo awẹ́, ó fi abẹ́rẹ́ yàwòrán sínú ìda, ó sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti là. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìlà rẹ̀ ń sáré bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Ó pín ìwé náà sí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí irú òpó márùn-ún tí àwọn akọ́lé Yúróòpù mọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan tutù: òpó kan, ìwọ̀n rẹ̀, ìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà fèrèsé, ibi ìdáná, ẹnu ọ̀nà, ìsun omi, ojú oórì. Bí ojú ìwé ti ń ṣí ni òkúta ń di ẹran ara. Àgbẹ̀ dúró ní ipò òpó nínú apá tó jẹ́ ti òpó Tuscan. Erin yọ lẹ́nu ọ̀nà. Egungun òkú wà níbi tí à bá máa retí ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ bí olùkọ́ ìṣirò, ó parí bí oníjàálá tí ẹmu ti wọ̀ lára.

Àwọn alámèyítọ́ tó tẹ̀lé e kà á sí àṣejù. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìjiyàn lórí ìwé Fágúnwà mọ ohùn ẹjọ́ náà dáadáa: láti 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni ìbéèrè ti wà bóyá ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún yẹ nínú ìwé tí àgbà ń kà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nìyẹn. Ohun tó yẹ kí a fà yọ lára Dietterlin ni ibi tí àwọn ẹranko rẹ̀ wà. Wọn kì í ṣàdédé wà láàrin ògiri gbalasa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wà, àtẹ́rígbà, orí òpó, etí òrùlé, etí omi, ojú oórì: ibi tí ẹrù ti ń bọ́ láti ara kan sí òmíràn, ibi tí ènìyàn ti ń ti ìta bọ́ sínú, ibi tí alààyè ti ń di òkú. Vitruvius bínú pé koríko ru òrùlé. Dietterlin dá a lóhùn pé níbi tí ẹrù bá wà, ọkàn yóò béèrè pé ta ni ó rù ú.

Ta ni ó ru òrùlé?

Vitruvius fúnra rẹ̀ ní ìdáhùn kan. Ó sọ ìtàn àwọn obìnrin Caryae, tí ìlú wọn ti ọ̀tá lẹ́yìn nínú ogun Páṣíà. Nígbà tí àwọn Gíríìkì ṣẹ́gun, wọ́n kó àwọn obìnrin náà lẹ́rú, àwọn akọ́lé sì gbẹ́ ère wọn sábẹ́ òrùlé kí ìtìjú wọn má baà tán láéláé. Ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán ìgbà ìsọjí ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé ìtumọ̀ yìí. Ẹni tó ru òrùlé, ẹni tí a ṣẹ́gun ni.

Bí a bá gbé òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 àti 1914 sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn yẹn, ìtumọ̀ náà yóò fọ́. Òpó náà ti wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ọba jókòó lórí àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì, ó sì di ẹ̀yìn àga mú. Ará olorì ni òpó gbà kọjá. Bí a bá mú ọba kúrò, òrùlé kò ní wó. Bí a bá mú olorì kúrò, kò sí òpó mọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwa Yorùbá ń pe ènìyàn ní òpó ilé láti yìn ín, orílẹ̀ kan sì wà tí Òpómúléró jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń yangàn. Nítorí náà, ọnà kan náà, ìyẹn obìnrin lábẹ́ òrùlé, ń sọ ohun méjì tó takora ní ilẹ̀ méjì, kò sì sí ẹni tó lè rí ìyàtọ̀ wọn bí ó bá wo ìrísí nìkan.

Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ àmì le. Àwòrán kan wà lára iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀, lára ìlù àgbá Òṣùgbó ní Ìjẹ̀bú, àti lára iṣẹ́ idẹ Ìbíní: ènìyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì di ẹja àrọ̀, tó sì fi ọwọ́ di wọ́n mú sókè. Douglas Fraser kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1972. Obìnrin omi onírù méjì ń di ìrù tirẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú àwọn ìwé ọ̀ṣọ́ Yúróòpù. Ní Ìbíní, wọ́n so àwòrán náà mọ́ Ọba Ohẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ. Àwọn mìíràn so ó mọ́ Olókun. Àwọn mìíràn tún sọ pé ẹja àrọ̀ ni a gbọ́dọ̀ wò, nítorí pé ó ń gbé inú omi, ó sì lè pẹ́ lórí ilẹ̀ kó tó kú. Ohun tó máa ń wu alámèyítọ́ ni kí ó yan ọ̀kan kó sì da ìyókù nù.

Ọdún 1593, tí apá kìíní ìwé Dietterlin jáde, ni Cesare Ripa náà gbé Iconologia jáde ní Róòmù. Ìwé atúmọ̀ àmì ni: bí a bá fẹ́ ya Òtítọ́, ohun tí yóò mú lọ́wọ́ nìyí, bí a bá fẹ́ ya Ìlara, ohun tí yóò máa jẹ nìyí. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán sí i ní 1603, ó di ohun tí ayàwòrán gbogbo ń ṣí wò. Ọ̀pọ̀ bébà tí a ti kà nínú irú ìpàdé báyìí ló ń tọ ọ̀nà Ripa láìmọ̀. Ẹyẹ, wọ́n á ní àwọn ìyá wa ni, ahun, ọgbọ́n, ejò, ẹ̀mí gígùn. Kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ orí adé, ẹyẹ orí ọ̀pá Ọ̀sanyìn, àti ẹyẹ tó ń ṣá ejò lórí lára ilẹ̀kùn kò lè jẹ́ ẹyẹ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan ṣoṣo ló gbẹ́ wọn. Ibi tí ọ̀ṣọ́ wà ni ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ìrísí rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Dietterlin ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yìí ju Ripa lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá rẹ̀ kò ní orúkọ. Ipò nìkan ni wọ́n ní.

Ẹ̀rí kan wà ní Jámánì tí àwọn tó ń pariwo àfarawé kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Christoph Weickmann, oníṣòwò ará Ulm, kó ohun ìyanu ilẹ̀ òkèèrè jọ, ìwé àkójọ rẹ̀ sì jáde ní 1659. Ọpọ́n Ifá kan láti Allada wà nínú ẹrù náà, Ulm ni ó sì ṣì wà. Etí ọpọ́n náà kún fún ènìyàn, ẹranko àti ohun èlò, kò ṣẹ́ ààyè kù. Ọdún 61 péré ló wà láàrin ìwé Nuremberg àti ìwé àkójọ yìí, ìlú méjèèjì kò sì jìnnà síra. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀kan kọ́ èkejì. Ohun tí ọpọ́n náà fi hàn ni pé, kí ilé Àgùdà kankan tó dé ilẹ̀ wa, ojú àwọn tó mọ Ifá ti mọ etí tó kún fún ẹ̀dá yí àárín tó ṣófo ká: etí ni ọ̀ṣọ́ wà, àárín ni a ti ń tẹ̀. Ojú tó ti mọ irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ní ka ewé sìmẹ́ńtì tó yí ẹnu ọ̀nà ká sí àlejò pátápátá.

Ọ̀nà tí ó gbà dé Ọ̀fà

Síbẹ̀, àlejò ni sìmẹ́ńtì, kò sì yẹ kí a sẹ́ ìrìn àjò rẹ̀. Àwòrán láti Antwerp àti Jámánì dé ọwọ́ àwọn agbẹ́kùúta Potogí àti Sípéènì, wọ́n sì bá wọn kọjá òkun. Ní Salvador, ní Bahia, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Ẹgbẹ́ Kẹta ti Francis Mímọ́, tí wọ́n gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, kún fún òkúta tó di ewé àti ènìyàn tó ru òkúta. Nígbà tí ó yá, irú rẹ̀ kò bá ìgbà mu mọ́. Wọ́n rẹ́ ẹ pa, ó sì wà lábẹ́ ẹfun títí di àwọn ọdún 1930 tí wọ́n tún ṣàdédé rí i. Ìlú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti jẹ́ ẹrú, ibẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí inú wọn ti dìde ní 1835, láti ibẹ̀ ni púpọ̀ sì ti padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà.

Ní Èkó, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà bíi João Baptista da Costa ni wọ́n kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ìyẹn ni pé Kátólíìkì fi ọnà ṣọ́ọ̀ṣì Potogí kọ́ ilé ìjọsìn fún Mùsùlùmí Yorùbá. Ní Àjàṣẹ́, Mọ́sálásí Ńlá tí wọ́n kọ́ láàrin 1912 àti 1935 gbé ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia wọ̀ láìfi ara pamọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ irú àwọn bíríkìlà yìí, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ wọn, ni rélùwéè gbé sìmẹ́ńtì tẹ̀lé lọ sí ìlú òkè.

Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ulli Beier ní kí àwọn bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì ṣe ẹranko bí irú èyí tó wà lórí ilé Àgùdà. Adébísí Àkànjí ló yọrí jù nínú wọn. Láti ara kìnnìún ni ó ti kúrò lọ sí ògiri aláìlẹ́yìn, tí ènìyàn àti ẹranko inú ìtàn so mọ́ra bí àwọ̀n tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ó ṣe ọ̀kan sí ilé epo Esso ní Òṣogbo, ó sì bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Ilé epo! Bí Vitruvius bá rí i, ì bá tún ìwé keje kọ.

Kìnnìún irú àwọn bíríkìlà bẹ́ẹ̀ kò jọ kìnnìún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú oríkì, bí a bá pe ọkùnrin ní erin, kò sí ẹni tó ń wo imú rẹ̀. Ìyìn kì í ṣe ìròyìn ẹranko. Orí géètì ni kìnnìún náà wà, ó kọjú sí títì, ó ń kí ẹni tó ń bọ̀ kí onílé tó jáde. Iṣẹ́ akígbe ẹnu ọ̀nà ni ó ń ṣe. Kò yẹ kí a ti ọ̀rọ̀ yìí kọjá ààlà, torí pé gbogbo òdòdó kọ́ ni oríkì. Òdòdó kan lè wà lórí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan nítorí pé bíríkìlà kan ṣoṣo ló ni mọ́ọ̀dù rẹ̀. Alámèyítọ́ tó bá fún irú òdòdó bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀ mẹ́wàá ń purọ́ mọ́ mọ́ọ̀dù.

Ìlú tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ni Ọ̀fà, ìyẹn sì kan irú ọ̀ṣọ́ tí onílé yóò yàn. Ewé, ìràwọ̀ àti ìdìpọ̀ ìlà kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Kìnnìún lè bí àwọn kan nínú, nítorí náà onílé tó bá fi kìnnìún sí i mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá ń ka àwọn ilé yìí gbọ́dọ̀ ka ohun tí onílé kọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó mú.

Ohun mìíràn wà tí ìwé àwòrán Yúróòpù kò lè kọ́ni. Àwọn ará Ọ̀fà wà lára Yorùbá tó tan ká gbogbo ọjà Gánà. Ẹni tó wà ní Tamale tàbí Kumasi ń fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi kọ́lé sílé, ó sì lè jẹ́ ọdún púpọ̀ kó tó sùn nínú rẹ̀. Orúkọ onílé àti ọdún tí a kọ́ ilé, tí a sábà ń kọ sókè níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ láàrin ewé sìmẹ́ńtì, wà fún ìlú tó kù lẹ́yìn: wọ́n ń sọ pé ẹni tí ẹ kò rí yìí wà láàyè, ó sì ń ṣe dáadáa. Dietterlin fi ọ̀ṣọ́ tó le jù sí ojú oórì, níbi tí onílé kò ti lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Níhìn-ín, onílé kò kú, ó kàn jìnnà ni, ṣùgbọ́n ipò tí ọ̀ṣọ́ dì mú jọra. Nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọlé wá bá ilé tí ojú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ fún wọn láti ìgbà pípẹ́. Ka èyí sí àfarawé tán, ó kù ẹni tí yóò sọ ẹni tí wọ́n fara wé.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyára. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Èkó, tí ìdílé Àgùdà kan kọ́ ní 1855, di ohun ìrántí ìjọba àpapọ̀ ní 1956. Wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí èyí tí òfin dáàbò bò bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó di ilé tí òfin kò mọ̀ mú. A lè gbé òpó Ọlọ́wẹ̀ lọ sí Chicago, a lè gbé ọpọ́n Ifá lọ sí Ulm, bí ó tilẹ̀ dunni pé wọ́n lọ. Sìmẹ́ńtì ara ògiri kò ṣeé gbé lọ síbì kan; bí ògiri bá wó, ó di erùpẹ̀, bí onílé bá sì lẹ táìsì mọ́ ọn, ó di ohun tí wọ́n rẹ́ pa bí ojú ṣọ́ọ̀ṣì Salvador. Ògiri Dietterlin ti lọ, bébà rẹ̀ ni a ń kà. Pẹ́ńsù àti okùn ìwọ̀n ni iṣẹ́ tó kàn ní Ọ̀fà ń fẹ́, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú orúkọ bíríkìlà níbi tí ìdílé bá ti rántí rẹ̀. Kí ẹni tí yóò ṣe é sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó ya àtẹ́rígbà kó tó ya òdòdó.